Denon, Yamaha, Sony: ìyá ìlù ni mo fi dán wọn wò

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá rìsífà (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tẹlifíṣọ̀n tàbí orin, tó sì ń pín in fún sípíkà) dára, n kì í fi fíìmù ogun dán an wò. Ariwo ìbọn ń tan etí jẹ. Ẹ̀rọ wo ni kò lè pariwo? Ìlù dùndún ni mo máa ń gbé sí i. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń fi gbígba ohùn sílẹ̀ jẹun ló gbé maikì méjì kalẹ̀ níbi òkú ìyá wa ní Ìsẹ́yìn lọ́dún 2016, ó gba odidi wákàtí kan. Ìyá ìlù wà láàárín, omele wà lápá ọ̀tún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lápá òsì, àwọn ìyàwó ilé sì ń gbe orin láti ẹ̀yìn. Bí ìyá ìlù bá sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ mi tí mo sì gbọ́ ohun tó wí, rìsífà náà yege. Bó bá jẹ́ gbì-gbì-gbì lásán ni, kí olówó rẹ̀ máa gbé e lọ.

Kubwa ni mò ń gbé, lápá Byazhin. Pálọ̀ mi kò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 14 ní gígùn, 12 ní ìbú. Láti 2021 títí di ìsinsìnyí, rìsífà mẹ́ta ló ti jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n mi. Sony STR-DH590 ló kọ́kọ́ dé, tuntun nínú páálí, ₦165,000 ni mo rà á ní Wuse. Lọ́dún 2024 mo ra Yamaha RX-V385, tòkunbọ̀ láti ìlú Ọba. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Alábà ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá mi fi í sọ́kọ̀ wá sí Utako. Tòun towó ọkọ̀, ₦196,000. Ẹ̀kẹta, Denon AVR-X1600H, kì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi mìíràn tí ibi iṣẹ́ gbé lọ sí Port Harcourt ló ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Má jẹ́ kí eruku jẹ ẹ́ o." Mo ń tọ́jú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń tọ́jú rẹ̀.

Kí n tó dé orí ohùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, torí òun ló ń pa rìsífà níbí ju ogbó lọ. Kí Sony tó dé, mo ti ra ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ, lọ́wọ́ ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ń dán, ó wúwo, ẹni tó tà á sì ń búra: "Bọ̀dá, Amẹ́ríkà lèyí ti wá tààrà!" Amẹ́ríkà tó ti wá gan-an ni wàhálà. Mo gbé e délé, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan bí akọ màlúù, mo gbọ́ "táà!", òórùn ike tó ń jó sì gba gbogbo ilé. Ìyàwó mi ké láti kíṣìnnì: "Kí lo tún rà?" Ìgbà tí mo yí i padà ni mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kedere: AC 120V, 60Hz. Iná tiwa, 230V ni. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ikùn rẹ̀ gbà ni mo rọ sí i lẹ́nu. Owó tó jóná dùn mí, ṣùgbọ́n "tún" inú ọ̀rọ̀ ìyàwó mi yẹn dùn mí jù ú lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yìn rìsífà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Èyí tó bá ti ìlú Ọba tàbí Jámánì wá, 230V ló máa ń jẹ́, iná wa bá a mu. Ti Amẹ́ríkà, àfi kí ẹ ra sítẹ́pùdáùn, ẹ̀rọ tó ń rẹ iná wa sílẹ̀ sí 120V, mọ́ ọn, kí ó sì jẹ́ èyí tó nípọn. Ní tèmi, kí ó tó 1000 wáàtì, torí àwọn kékeré tí wọ́n ń tà fún bílẹ́ńdà máa ń gbóná, wọ́n á sì máa kùn. Kí ẹ ro owó ìyẹn mọ́ owó rìsífà kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Ìnfátà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn irú tí iná rẹ̀ ń jáde geere bíi ti NEPA. Bí NEPA bá ti mú iná lọ tí ìnfátà gbà á, rìsífà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe húnnn bí ilé oyin. Mo ti fẹ́ lọ ra sípíkà tuntun. Bàbá Ìlọrin, aládùúgbò wa tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ iná, ló gbé etí lé ẹ̀yìn rìsífà, ló rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, sípíkà rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ìnfátà rẹ ló ń kọrin." Mo pààrọ̀ ìnfátà, orin parí.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye wáàtì tó wà lára páálí mú yín lójú. Ti Sony kọ 145 gàdàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka lẹ́tà kékeré tó wà nísàlẹ̀, ẹ ó rí i pé sípíkà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, lórí ohùn kan ṣoṣo, 1kHz, ní óòmù 6 (óòmù ni bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó; bó bá kéré, iná púpọ̀ ló ń fà), wọ́n sì ti gbà kí ohùn náà bàjẹ́ dé 0.9%. Bí sípíkà méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, tí ohùn sì ń lọ láti èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, Sony kan náà di 90. Yamaha kọ 70 lórí irú ìwọ̀n yẹn, ní óòmù 6. Denon kọ 80, ṣùgbọ́n óòmù 8 ni tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò wọn sórí ìwọ̀n kan náà, òun ló ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ni ìyàtọ̀ 70 sí 90 wá jẹ́ nínú pálọ̀? Kò tó nǹkan tí à ń jà sí. Kí etí tó sọ pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù, n kì í lò tó wáàtì márùn-ún.

Ó yá, ohùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá 2025, mo ní kí àbúrò mi gbé Sony wá láti Lugbe (ó ti di tirẹ̀ nígbà yẹn). A to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Sípíkà kò yí padà: Wharfedale tòkunbọ̀ méjì níwájú, sẹ́ńtà kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kékeré méjì lẹ́yìn àga, súbúfà ní igun. Mo fi fóònù wọn bí ohùn ṣe lágbára tó lórí àga tí mo máa ń jókòó sí, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba, torí èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju ìyókù lọ ni etí máa ń pè ní ọ̀gá. Mo pa gbogbo àtúnṣe ohùn. Bàbá Ìlọrin kọ ẹ̀yìn sí wa, àbúrò mi ń pààrọ̀ wáyà, ìyá ìlù ń ki àwọn ará ilé.

Bàbá Ìlọrin mi orí títí. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe jinlẹ̀ ni? Denon nìyẹn. Owó ń sọ̀rọ̀."

Sony ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà á. Ẹni tó bá di etí pátápátá, tó kàn ń dárúkọ bó ṣe wù ú, á gbà á tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà jókòó, mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé àbá lásán ni mo dá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè di ojú kí òun mọ orúkọ rìsífà nínú irú pálọ̀ tiwa yìí, ẹ ní kó wá sí Kubwa.

Ìgbà tí a dá àtúnṣe ohùn padà ni ìyàtọ̀ tó dé. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní pálọ̀ yín kí ẹ gbọ́. Ní tèmi, táìsì ló wà nílẹ̀, POP lókè, gíláàsì lójú fèrèsé. Àtẹ́wọ́ kan ń di mẹ́ta. Bí ìlù bá dún, ohùn rẹ̀ á lọ kọ lu ògiri, á padà wá bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ á sì lọ́ pọ̀. Rìsífà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní maikì kékeré tí wọ́n fi ń wọn yàrá, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tó yẹ kó fà sókè àti ibi tó yẹ kó rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí kálukú pè é yàtọ̀, ọgbọ́n rẹ̀ sì yàtọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Sony, D.C.A.C. ni wọ́n ń pè é. Kíá ló parí. Ó wọn jíjìn sípíkà kọ̀ọ̀kan, ó sì mú kí wọ́n dọ́gba, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n gbì-gbì tó wà ní igun súbúfà mi, ó wò ó, ó kí i, ó kọjá lọ. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ki ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu. Fún bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ yìí kò ní àbùkù kankan lójú mi. Òun ni mo fi wo àṣekágbá AFCON ní oṣù Kejì 2024 tí Ivory Coast fi 2-1 gba ife mọ́ wa lọ́wọ́: asọ̀ròyìn wà níwájú, èrò inú pápá wà lẹ́yìn orí mi. Ìbá sàn bó bá jẹ́ pé ohùn wọn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. HDMI mẹ́rin ló wọlé, ọ̀kan jáde, Bluetooth wà, kò sí Wi-Fi, rìmóòtù rẹ̀ yé tọmọdé tàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun nínú páálí, tí kò fẹ́ dúró de tòkunbọ̀, kó lọ rà á.

Denon ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀. Láti ọdún 1910 ni ilé-iṣẹ́ tó di Denon ti wà, kò sí ohun tí wọn ò tíì ṣe nípa ohùn. Àtúnṣe rẹ̀, Audyssey MultEQ XT, kì í wọn ojú kan ṣoṣo; ó gba ibi mẹ́jọ. Páálí tí ẹ ó tẹ̀ fúnra yín ló wà nínú àpótí rẹ̀, bí ilé ìṣọ́ kékeré, orí rẹ̀ ni ẹ ó gbé maikì sí, kó ga dé ibi tí etí wà lórí àga. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á máa sú "fíù, fíù" láti inú sípíkà kan bọ́ sí èkejì, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa wúkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ó ní ariwo àyíká ti pọ̀ jù. Jẹnẹrétọ̀ Ìyá Ìbejì ni. Mo dúró di mẹ́wàá, wọ́n mú iná wá, mo tún un bẹ̀rẹ̀, ajá gbó. Aago kan òru ni mo tó wọn ojú kẹjọ tán, mo wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò àwọ̀sùn, mò ń rìn tìyọ́tìyọ́ lórí táìsì bí olè nínú ilé ara mi.

Mo gbé ìlù Ìsẹ́yìn sí i, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí òru. Ibì kan wà tí ìyá ìlù ti ń ki ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí bàbá náà sì ń jó, tó ń rẹ́rìn-ín. Láti 2016 ni mo ti rò pé oríkì rẹ̀ ni onílù ń tún pè. Lóru yẹn, mo gbọ́ ọ létè létè: "Ọwọ́ yín há. Ọwọ́ yín há o." Odidi ọdún mẹ́sàn-án! Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo jí ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

Denon yìí ní ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní Dynamic Volume. Bí ẹ bá ń wo fíìmù lóru, tí àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ìpolówó ọjà sì bú jáde bí àrá lójijì, òun ló ń di ìpolówó yẹn lẹ́nu mú, tó sì ń fa ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sókè. Ìyàwó mi kì í fẹ́ gbọ́ wáàtì tàbí óòmù, ṣùgbọ́n ó mọ bọ́tìnnì yẹn. Wi-Fi náà wà, Dolby Atmos wà. Atmos kò tíì ṣe mí láǹfààní, torí kí ohùn tó lè bọ́ láti òkè, ẹ ní láti gbé sípíkà méjì sí àjà tàbí kí ẹ ra irú èyí tó ń ju ohùn sókè. Láńdílọ́ọ̀dù mi kò fẹ́ kí n kan ìṣó mọ́ ògiri, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kí n lu POP rẹ̀.

Owó ni ìṣòro rẹ̀. Tòkunbọ̀ irú rẹ̀ tí mo bèèrè láìpẹ́ yìí, ₦480,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè, kò sì wálẹ̀ ju ₦450,000 lọ.

Yamaha wá ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ yẹn mọ́ ni ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ohùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1887, ẹni tó dá a sílẹ̀, Torakusu Yamaha, tún dùùrù kan tó bàjẹ́ ṣe, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta tó ṣe gbágbágbá nínú àmì wọn, irin tí àwọn olórin ń lù láti mọ ojúlówó ohùn ni. Àtúnṣe ti RX-V385, YPAO, ojú kan ṣoṣo ló ń wọ̀n, kò sì le. Mo jẹ́ kó wọn ibi tí mo máa ń jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ mo gbé ìlù sí i. Ó sàn ju Sony lọ dáadáa, kò tó Denon.

Ìgbà náà ni mo rántí àtẹ́wọ́ mi tó ń di mẹ́ta. Mo lọ ra rọ́ọ̀gì tó nípọn ní ₦45,000, mo tẹ́ ẹ sáàárín tẹlifíṣọ̀n àti àga. Ìyàwó mi yọ kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi èyí tó wúwo sí fèrèsé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá àyè àtiṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọn yàrá lẹ́ẹ̀kan sí i. Yamaha yìí yí padà. Ìyá ìlù la ẹnu. "Ọwọ́ yín há o" jáde kedere. Lóòótọ́, mo ti mọ ohun tó ń wí tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ti mọ ọ̀rọ̀ ìlù kì í tún lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Mo pe Bàbá Ìlọrin, tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo gbé e sí i. Ó tẹ́tí. Ó ní, "Ta ni wọ́n ń bú báyìí?"

Ohun kan wà nínú Yamaha tí mo fi ń ṣeré: ó ní àwọn ètò tó ń mú kí pálọ̀ dún bí gbọ̀ngàn, orúkọ ọ̀kan ni Hall in Munich. Mo gbé onílù Ìsẹ́yìn lọ sí Munich lẹ́ẹ̀kan. Ohùn rẹ̀ di ti ẹni tó ń pariwo nínú kànga. N kò tún dé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sókè nínú fíìmù wúlò gan-an, pàápàá fún fíìmù Yorùbá tí orin abẹ́ rẹ̀ máa ń bo òṣèré mọ́lẹ̀.

Àwọn rìsífà mìíràn náà wà. Ti Onkyo, tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì ń fani mọ́ra. Kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ti pẹ́: ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn gbà pé àwọn kan nínú ẹ̀rọ wọn ayé àtijọ́ ní àléébù, wọ́n sì ń tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ìparí 2018. Ilé-iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ wó lulẹ̀ lọ́dún 2022, orúkọ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Marantz lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n òun àti Denon ti di ọmọ ìyá, abẹ́ Harman tí Samsung ni ni wọ́n jọ wà láti 2025. N kò rí ìdí tí màá fi sanwó ẹwà.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má yọ sípíkà home theatre àtijọ́ tó ní DVD nínú kí ẹ so ó mọ́ rìsífà. Púpọ̀ nínú wọn, óòmù 3 tàbí 4 ni. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn Sony tí mo ń sọ yìí, óòmù 6 sókè ló fẹ́. Rìsífà á gbóná, á máa pa ara rẹ̀. Bí kì í bá ṣe sípíkà ló fà á, ẹ wo orí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, tí ooru Àbújá ń bó èèyàn lára, èyí tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa kú lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ kan. Mo ti fẹ́ pe Bàbá Ìlọrin kí n tó rí aṣọ kuroṣé funfun tí wọ́n tẹ́ bo gbogbo ihò atẹ́gùn rẹ̀, tí ìkòkò òdòdó ike sì jókòó lé e lórí. N kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Mo gbé òdòdó sórí fíríìjì.

Bó bá jẹ́ owó tèmi ni, Yamaha tòkunbọ̀ ìlú Ọba ni, pẹ̀lú rọ́ọ̀gì. Gbogbo rẹ̀ kò dé ₦250,000, kò sì sí ohun tí onílù wí tí n kò gbọ́. Ẹni tí ₦450,000 kò ni lára, kó gba Denon, kó sì rán mi ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ kí n mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi pè láti Port Harcourt lánàá. Wọ́n ti dá a padà sí Àbújá, ó ń bọ̀ wá gbé Denon rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún un pé a ò ní sí nílé.